Ṣẹ́ẹ̀fù Tó Wó Lu Tíṣà Zohra

Ṣẹ́ẹ̀fù ìwé tuntun ní ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin nílùú Chiniot kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi là láàárín, tó sì wó lu Tíṣà Zohra tòun tìwé. Ìbàdí obìnrin náà fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Mehr Din, àgbà káfíńtà tó kàn án. Bí ó bá jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ á sì di títì pa.

Inspẹ́kítọ̀ Safia Gondal kì í fẹ́ràn ẹjọ́ tó bá tètè yanjú. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé pákó tó là náà, ó mú Mehr Din dání, wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bàbá, ṣé àtè tí ẹ fi ń lẹ pákó ti bàjẹ́ ni?"

"Màdáámù, èmi ni mo sè é. Àtè tèmi, bí ẹ bá ní kó já, pákó gan-an ló máa kọ́kọ́ ya."

Jahan Dad wà nítòsí, ó ń lọ́ irunmú ńlá rẹ̀. Ìyá kan náà kọ́ ló bí òun àti Mehr Din, àmọ́ ọmú ìyá Mehr Din ni wọ́n jọ mu, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì ti jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ má bínú, Màdáámù. Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ̀n, a kàn ń bò ó ni."

Mehr Din yíjú sí i. "Jahan, ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n?"

Inspẹ́kítọ̀ ti ń wo etí pákó. Ó mọ́ tónítóní bí obì tí a là, kò sí ibi tó ya. Ó fi èékánná ha á, ibẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

"Ìda rèé. Ta ló kó o wọlé?"

"Kò ṣeé ṣe!" ni Mehr Din pariwo. "Ọjọ́ tí a bá ń lẹ pákó, inú àpótí ni mo ń ti ìda àti òróró mọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ mi ló ń fi ọṣẹ fọwọ́ fọrí lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé!"

"Ta ló ń gbé pákó lé yín lọ́wọ́?"

"Jahan ni. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Màdáámù. Ọmú ìyá mi ló mu dàgbà."

Inspẹ́kítọ̀ gbóòórùn èékánná tó fi ha pákó, ó rìn lọ bá Jahan Dad títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Irunmú yín mà dúró dáadáa o. Kí lẹ fi ń pa á?"

Ọwọ́ ọkùnrin náà já bọ́ lára irunmú.

"Ọṣẹ dé ọwọ́, ó dé orí," ni inspẹ́kítọ̀ wí. "Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fọ irunmú. Ẹ lọ́ ọ, ẹ fọwọ́ náà pa etí pákó, ẹ gbé e fún un, àtè ò sì rí ibi dì mú. Ìda inú àpótí kì í ta sánsán bí òdòdó rósì, bí èyí tó wà lára pákó yìí. Ìda tí ẹ fi ń pa irunmú yín ló ń ta á."

"Ọgbọ̀n ọdún!" Jahan Dad bú sẹ́kún. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá yín ṣiṣẹ́, ẹ wá jókòó níbi tí ẹ ti ń mu tíì, ẹ ní Farzana ọmọ yín ni yóò di ọ̀gá mi! Mo kàn fẹ́ kí ayé rí i pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé yóò wó lu èèyàn."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wọ́n tú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Mehr Din, wọ́n fi sọ́wọ́ Jahan Dad. Inú àgbà náà kò dùn rárá, ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́jọ́.

"Gbogbo wọn ni mo máa ń yẹ ojú wọn wò lẹ́nu ọ̀nà, Jahan. Tìẹ nìkan ni mi ò yẹ̀ wò rí. Mo ní mo ti mọ̀ ẹ́ látorí ọmú."