Ohùn Tó Ń Ti Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Wá

Ọkùnrin géńdé kan ló ń sáré bọ̀ nínú òjò láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì dìde lórí àga. Ó rò pé ọmọ ni lóòótọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà dé abẹ́ òrùlé, tó tú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi di ẹrù rẹ̀, àpótí dúdú kékeré kan ló yọ jáde, tí kò ju agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì lọ. Omi ń ro tótó lára olówó rẹ̀, àpótí náà sì gbẹ táútáú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tó ń tún nǹkan ṣe ńkọ́?"

"Wọ́n jáde. Èmi ọmọ wọn ni mo wà ńlẹ̀. Kí ló ṣe ọmọ yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yára wọ ṣẹ́ẹ̀tì tútù rẹ̀. Òun ni ayálégbé tuntun tó gba yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù wọn, iṣẹ́ búrẹ́dì ló sì ń ṣe ní ìkángun títì. Ó ti gbé àpótí náà padà fún ẹni tó tà á fún un, onítọ̀hún ní òun kì í gba ọjà padà.

"Ańpù tó ń gbé ohùn gìtá jáde ni, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Tí mo bá ti fọwọ́ kan okùn gìtá báyìí, iná á gbé mi."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti gbé yín?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Ẹ ò sì fi í sílẹ̀?"

"Ó máa ń wù mí ta ni," ló wí, ojú sì tì í.

Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ọmọbìnrin náà ń tú ẹ̀yìn ańpù, ṣùgbọ́n apá ọkùnrin náà ló ń wò, apá tó ti fi pípo ìyẹ̀fun le. Ó rí i pé wáyà ilẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí iná gbé èèyàn, ti já, ó so ó. Ó rí i pé ihò íápíìsì ń mì, ó yọ́ òjé sí i. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ pé òjé tí kò tó sàn ju èyí tó pọ̀ jù lọ. Àmọ́ ìgbà náà gan-an ni ọkùnrin náà bi í bóyá ó fẹ́ràn búrẹ́dì gbígbóná, òjé sì kán ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, tí èèyàn bá ti ki íápíìsì bọ ihò rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan á gbéra kúrò lára èkejì, àpótí á dákẹ́, etí ẹni tó ń ta gìtá nìkan ni ohùn á sì máa lọ sí. Òjé yẹn lẹ irin méjèèjì pọ̀. Ańpù náà ò lè dákẹ́ mọ́, kò sì sí íápíìsì ńlẹ̀ tí ọmọbìnrin náà ì bá fi dán an wò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun àti bàbá rẹ̀ kọjú síra nídìí tábìlì iṣẹ́ nígbà tí gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lókè. Kò dùn. Ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú síbi kan náà. Lẹ́yìn náà ni ohùn èèyàn gba ojú fèrèsé jáde ketekete: "Èyí wà fún ẹni tó tún un ṣe. Ọlọ́run, jẹ́ kí n lè bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú."

Irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ó mọ̀ pé gìtá olówó pọ́ọ́kú máa ń gba ohùn ẹni tó bá tẹrí bò ó. Ó rántí òjé rẹ̀. Ọkùnrin yìí wà lókè, íápíìsì ńlá bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó rò pé òun nìkan ló ń gbọ́ ara òun. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ti jáde pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́, ó fi ẹni tó ń gé irun fún sílẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí.

"Ẹni tó di géńdé kó tó máa kọ́ gìtá," ni bàbá rẹ̀ wí, "tó bá darúgbó, ọtí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Má sún mọ́ ọn."

Ọmọbìnrin náà pinnu pé òun á sọ fún ọkùnrin náà láàárọ̀ pé àpótí rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì gbígbóná ló gbé wá láàárọ̀.

"Mo máa ń bo etí kí n má baà yọ àdúgbò lẹ́nu," ó ní. "Lọ́jọ́ tó bá dùn, ìwọ ni màá kọ́kọ́ jẹ́ kó gbọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọmọbìnrin náà fi búrẹ́dì ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ikùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá máa ń lé ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà a máa dúró dè é ní ìkángun títì, wọ́n á jọ rìn.

"Oníná mi, láti ọjọ́ tí mo ti rí ẹ ni iná ti ń gbé mi."

"Wáyà ilẹ̀ ẹ ló já."

"Má tíì so ó."

Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ọmọbìnrin náà tún máa ń gbọ́ ọ lókè, tó ń sọ ohun tí ojú kò jẹ́ kó sọ nígbà tí wọ́n jọ ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, ó sì ń bà á lẹ́rù, nítorí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà bá gbọ́ òótọ́, ó lè kó ẹrù rẹ̀ kó lọ. Onígbàjámọ̀ ní tirẹ̀ ti kìlọ̀ fáwọn oníbàárà pé ẹni tó bá sọ fún ọkùnrin náà, kó wá ẹlòmíì tó máa gé irun fún òun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, gìtá ò ké. Ohùn nìkan ló jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́. Bí ẹ bá fún mi láyè..." Ó kọsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó tún kọsẹ̀ síbẹ̀. Bàbá gbé rédíò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí ẹ bá fún mi láyè, mi ò ní mú un kúrò nídìí iṣẹ́ yín. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kẹ́ ẹ má baà dá jókòó nídìí tábìlì yẹn lẹ ṣe ń lé mi."

Ọmọbìnrin náà wo bàbá rẹ̀. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá yíjú sí rédíò tó gbé sílẹ̀.

"Tí wọ́n bá sì kọ̀," ni ohùn òkè wí fún ara rẹ̀, "màá kó kúrò ńbí."

Ọmọbìnrin náà kò mọ bó ṣe gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa íápíìsì kúrò létí ọkùnrin náà.

"Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ẹ!"

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ìka gbá okùn gìtá, tó gbọ́ bí ó ṣe ń ró jáde nínú àpótí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ òjò. Òjé ọwọ́ mi ló pọ̀ jù. Mo mọ̀, mi ò sọ."

"Ta ló gbọ́?"

Kó tó dáhùn, onígbàjámọ̀ wúkọ́ ní òdìkejì títì.

Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà gìtá sọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ó yẹ kó o sọ fún mi."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé o ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ nípa mi rí."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí wáyà. Bàbá wọlé pẹ̀lú èémí gígùn, ó fi ìtúdè ọwọ́ rẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ańpù, ó wo inú rẹ̀.

"Iṣẹ́ burúkú gbáà," ó wí fún ọmọ rẹ̀. Ó wá kọjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ, tún ọ̀rọ̀ ẹ sọ. Láti 'bí ẹ bá fún mi láyè.' Ibẹ̀ lo ti máa ń kọsẹ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbé gìtá mọ́ àyà. Ó sọ ọ́ délẹ̀, kò sì kọsẹ̀.

"Èmi ò mọ̀ pé ó ń hàn lójú mi," ni bàbá wí. "Ní tèmi, mo gbà. Ó ku ẹni tó ni ara ẹ̀." Ó dé ẹ̀yìn ańpù náà padà, kò fọwọ́ kan òjé inú rẹ̀.

Iná pupa àpótí náà ṣì ń tàn. Ọmọbìnrin náà tẹrí ba títí ẹnu rẹ̀ fi sún mọ́ okùn gìtá tó wà láyà ọkùnrin náà.

"Mo gbà," ó ní. "Láti ọjọ́ òjò ni mo ti gbà."

Ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde sí títì. 

"A ti gbọ́ o," ni onígbàjámọ̀ dáhùn.