Gbogbo Wọn Ló Kọ Ẹ̀fọ́rí

Ẹni tó bá ti dé ilé ìwòsàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Bẹ́ǹṣì gígùn méjèèjì ti kún, àwọn kan ti fẹ̀yìn ti ògiri, ẹlòmíì ti sùn lọ pẹ̀lú báàgì lórí itan. Ìwé ńlá kan wà lórí káńtà, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá dé yóò kọ orúkọ rẹ̀, yóò kọ nọ́ńbà yàrá rẹ̀, yóò sì kọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa nàgà wò ó bó ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Aṣojú, nítorí òun ni wọ́n yàn láti máa bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, ló mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ yìí, torí kò sí olùkọ́ tí kò lè sín jẹ, láti orí ìrìn dé orí ikọ́. Ṣùgbọ́n ó ti tó oṣù kan tí ẹ̀rín ti dá lẹ́nu rẹ̀. Kì í wẹ̀ àfi bí wọ́n bá lé e lọ. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ á tutù síbẹ̀. Ó lè kọjú sógiri láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kó má sì sùn.

Ẹlẹ́rìn-ín mú bírò, ó wo ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ. Ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀fọ́rí. Inú rírun. Ẹ̀fọ́rí. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti kíláàsì wọn wà lẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ ti gùn kọjá èjìká ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí Ẹlẹ́rìn-ín jọ̀ọ́ ṣe kíá, àbí yàrá wèrè ló fẹ́ wọ̀ tó fi ń rò ó tó bẹ́ẹ̀. Yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sọ, níbi tí olùtọ́jú ọkàn máa ń jókòó. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín dúró. Aṣojú rò pé àánú rẹ̀ lòun ń ṣe, ó gba bírò, ó bá a kọ “ẹ̀fọ́rí”. Wọ́n di oògùn mẹ́fà fún wọn nínú bébà, wọ́n sì padà sí yàrá wọn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Aṣojú ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìyíjú kúrò lára ògiri.

“Ó wù mí kí n sùn, kí n má jìí mọ́.”

Ohun tó kọ́kọ́ wá sẹ́nu Aṣojú ni kó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kó sì yára yí ọ̀rọ̀ náà padà, bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé wọn. Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ ni?”

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí i. “Mo ti ń rò ó.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ṣé o máa sọ fún ìyá mi?”

“Ilé ìwòsàn là ń lọ báyìí. Wọ sálúbàtà rẹ.”

Lọ́tẹ̀ yìí, Aṣojú kò yà sídìí káńtà rárá. Ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì àgbà ló lọ tààrà, obìnrin ńlá kan tí í fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì mú Ẹlẹ́rìn-ín wọ yàrá inú, ó ní kí nọ́ọ̀sì kékeré kan jókòó tì í, ó sì pe olùtọ́jú ọkàn lórí fóònù. Olùtọ́jú dé kí wákàtí kan tó pé. Nígbà tí olùtọ́jú wà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, Nọ́ọ̀sì gbé ìwé ńlá náà wá bá Aṣojú, ó ṣí i dé ojú ìwé ọjọ́ Ajé.

“Ẹ̀fọ́rí lẹ kọ.”

“Wọ́n ń wo ojú wa ni, mà.”

“Mo mọ̀. Gbogbo yín lẹ máa ń kọ ẹ̀fọ́rí. Ṣé o mọ ẹni tó ń ka ìwé yìí?”

Aṣojú kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, òun a máa ka iye ènìyàn tó kọ àìsàn kọ̀ọ̀kan, òun a sì fi ránṣẹ́ sí Alábòójútó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹni mẹ́rin péré ló kọ ohunkóhun tó jẹ mọ́ ọkàn tàbí ọpọlọ. Alábòójútó bá dín ọjọ́ olùtọ́jú kù sí ọ̀sán Ọjọ́rú nìkan, ó sì ra oògùn ẹ̀fọ́rí kún oògùn ẹ̀fọ́rí. Nọ́ọ̀sì ní èyí tó wà ní sítọ́ọ̀ àwọn lè tó odindi ìlú kan lò.

Nígbà tí olùtọ́jú jáde, ó ní àárẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó mú Ẹlẹ́rìn-ín, àárẹ̀ tó sì ṣeé tọ́jú ni. Yóò rí dókítà fún oògùn lọ́la, yóò sì máa wá sọ́dọ̀ òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀sán Ọjọ́rú gan-an ni kíláàsì wọn ń ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ẹni tó bá sì pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹta yóò tún ọdún náà kà. Ẹlẹ́rìn-ín ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò ní máa wá. Aṣojú bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti wá ní Ọjọ́rú méjì àkọ́kọ́ ná.

Aṣojú fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ kí wọ́n lọ pariwo lẹ́nu géètì. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá pariwo, ohun tí Alábòójútó yóò bi wọ́n ni pé ẹ̀rí dà. Kí wọ́n kúkú mú un dání lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, Aṣojú nínú wọn, ló dáwọ́ lé e. Wọ́n wá páálí bísíkíìtì, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n sì gbé e sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í nàgà wo ohun tí ẹlòmíì ń ṣe. Wọ́n to bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí àyè orúkọ: nígbà tó o kọ ẹ̀fọ́rí, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?

Àwọn aláwàdà kọ ebi. Ẹnìkan kọ orúkọ olùkọ́ ìṣirò. Àwọn kan ń pe àwọn márùn-ún náà ní ẹgbẹ́ ọlọ́pọlọ ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó sọ̀rọ̀ yàrá wèrè lọ́jọ́sí dá Aṣojú dúró lọ́nà, ó béèrè bóyá bébà kan ṣì kù. Aṣojú fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Igba bébà ló wọlé lọ́sẹ̀ méjì. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn sọ̀rọ̀ àìrí oorun sùn, ẹ̀rù tí kò nídìí, ẹkún, àti àìfẹ́ wà láàyè.

Alábòójútó gba àwọn márùn-ún náà àti Nọ́ọ̀sì àgbà lálejò ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní nígbà tàwọn, bí ọkàn àwọn bá rẹ̀wẹ̀sì, omi tútù làwọn fi ń bọ́jú, àwọn á sì bá tàwọn lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Aṣojú wí, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ bọ́jú lẹ jókòó síbí. Àwọn tí kò lè dìde bọ́jú ńkọ́?”

Alábòójútó ní ìwé ilé ìwòsàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà dá a lóhùn jẹ́jẹ́. “Ìwé náà kò purọ́, sà. Ibi tí a gbé e sí ló sọ àwọn ọmọ di òpùrọ́.”

Ọkùnrin náà gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ̀rọ̀ omi tútù mọ́.

Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé ìwé kúrò lórí káńtà. Nọ́ọ̀sì ló ń gbọ́ ohun tó ń ṣe kálukú báyìí, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni olùtọ́jú ń wá lọ́sẹ̀, ẹni tó bá sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n béèrè olùtọ́jú kejì. Alábòójútó ní kò tíì ṣeé ṣe. Lẹ́tà ṣì ń lọ, lẹ́tà ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀, olùtọ́jú sì jókòó tì í. Aránṣọ ni ìyá náà, ó dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó béèrè bóyá wọ́n ní ọmọ òun ya wèrè ni. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti dákẹ́ ni òun ti ń gbàwẹ̀.

“Ẹ má dáwọ́ àdúrà dúró, Mà,” ni olùtọ́jú wí. “Ẹ kàn jẹ́ kó máa lo oògùn rẹ̀, kó sì máa wá.”

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó ṣèdánwò. Ó fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan, yóò tún un ṣe. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sín olùkọ́ jẹ padà, ṣùgbọ́n ó ń wẹ̀, ó ń jẹun, ó sì ń sùn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ilé ìwòsàn yín kò bá ní ibi ìkọ̀kọ̀ tí ẹ ti lè sọ ọ́, ẹ kó ara yín jọ, ẹ kó ẹ̀rí jọ, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá yí padà, ẹ má fi ìbínú bá a wí. Ẹ bi í ohun tó ń ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ó wu òun kí òun má jìí mọ́, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ dé òpin, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí ẹ ó fi fà á lé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́.