Ìrù Tí Alábẹ Gé Sọnù

Inú yàrá títutù ni ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ rí obìnrin kan. Obìnrin náà wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, síbẹ̀ ó ń kọrin sí ìgò purotéènì bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ṣé ó ti sùn?" ọkùnrin náà béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ooru ń wọlé."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, láyé ìgbà tí ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ṣì dúró, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ máa ń rùn bíi sípíríìtì.

Purotéènì kan náà ni àwọn méjèèjì ń yẹ̀ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara ni kó sin hísítóònù, ìyẹn kókó tí okùn àbínibí (DNA) ń wé mọ́, dé ibi tó yẹ ẹ́. Ó ní ìrù gígùn kan tí kò ní ìrísí, tó kàn ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà ti gé ìrù ọ̀hún sọnù, torí kì í jẹ́ kí àwòrán purotéènì náà jáde dáadáa; obìnrin náà fi tirẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà bá sọ ọ́ ní Alábẹ. Òun náà sọ obìnrin yẹn ní Ìyá Onírù.

"Ìyá Onírù, pàǹtí lẹ ń tọ́."

"Igi tí a bá fojú di ló ń gún ni lójú o, Alábẹ."

Wọ́n jọ ń mu tíì lórí àtẹ̀gùn nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí ọ̀rẹ́ sì di ìfẹ́.

Àfi ìgbà tí èsì Ìyá Onírù jáde. Ìrù yẹn gan-an ló ń bo ẹnu purotéènì náà; òun ló ń pinnu ìgbà tí yóò di hísítóònù mú àti ìgbà tí yóò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Alábẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ pé ìrù kò wúlò, ohun tó kọ yìí ni yóò sì fi gba iṣẹ́ tí yóò máa ṣe níbẹ̀ títí di ìfẹ̀yìntì.

"O ṣi iṣẹ́ ṣe," ló sọ.

Ìyá Onírù kò jà. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí mìíràn lókè.

Yàrá títutù wá dákẹ́ jù. Alábẹ wọ ibẹ̀ lọ, ó tún iṣẹ́ Ìyá Onírù ṣe fúnra rẹ̀. Òótọ́ lobìnrin náà sọ. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwádìí, ó ní kí wọ́n fagi lé ìwé tí òun kọ. Ẹlòmíràn ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Alábẹ lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà.

Ẹnu ọ̀gá ni Ìyá Onírù ti gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, bàbá náà fa ojú ro. "Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba oúnjẹ ara rẹ̀ jẹ́?"

"Bàbá, òótọ́ ló sọ."

Bàbá gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mú un wá kí n rí i."

Ìyá Onírù bá Alábẹ ní kíláàsì níbi tó ti ń nu pátákó.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí, olólùfẹ́."

"Bàbá mi fẹ́ rí ẹ."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Pé o fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn."

"Ọmọ wọn ńkọ́? Ṣé ó gbà?"

Ìyá Onírù di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti ṣọ́ọ̀kì tó bò ó.

"Ṣé ìwé ni mo wá kà níbí ni?"