Àwọn Àgbọ̀nrín Tí Kò Bí

Ọyẹ́ ti mú, eruku tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can ti bo gbogbo ewé, lọ́jọ́ tí Ọdẹ́yẹmí rí aboyún àgbọ̀nrín nínú igbó ẹ̀yìn Snake Island, ní òdìkejì odò sí Ajégúnlẹ̀ níbi tó ń gbé. Oyún náà ti wọ̀, bí ẹni tó máa bí lọ́la. Kò yé e. Nínú igbó yẹn, ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí koríko bá rọ̀, ni àgbọ̀nrín ń bímọ. Ẹran kì í ṣe òmùgọ̀. Ènìyàn nìkan ló ń bímọ nígbàkúùgbà.

Ó na ìbọn sí i. Kò sá. Ó dúró, ó ń wò ó.

Ní ìdílé Ọdẹ́yẹmí, ọdẹ tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì bí, tó bá pàdé aboyún ẹran, yóò gbé ìbọn sílẹ̀, yóò tọrọ ọmọ. Lẹ́yìn èyí, ìbọn náà kò gbọdọ̀ dún mọ́ títí ìyàwó yóò fi bí. Ó ti pẹ́ tí òun àti Láídé ti ń wá ọmọ. Wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti mu omi Áfáà, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń wo ọkọ bíi pé ọkọ ló jalè. Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó tọrọ. Ìgbà yẹn ni ẹran náà tó yíjú padà, tó rọra lọ.

Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Láídé fi lóyún.

Ayọ̀ kún ilé. Ìbọn wà lára ògiri, Ọdẹ́yẹmí ń fi pańpẹ́ mú ọ̀yà. Àmọ́ Chukwuma, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn ọjà Boundary, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìròyìn bọ̀ láti inú igbó.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo abo ibẹ̀ ló lóyún o."

"Jẹ́ kójò dé. Wọ́n á bí."

Òjò dé, òjò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò bí. Mi ò rí ẹsẹ̀ ọmọ ẹran kankan nílẹ̀. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo apá Ajégúnlẹ̀ níbí."

"O ti mutí."

"Mo mu. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo lóyún."

Ìgbà tó yẹ kí Láídé bí pé, ó sì kọjá. Nọ́ọ̀sì Bernice, tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò, gbé etí lé ikùn rẹ̀. "Ọmọ yìí wà dáadáa, Bọ̀dá Ọdẹ. He just no wan come." Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Láídé di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, ó ní òun ò lọ. Kò jẹ ọbẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọ́ tútù ló ń jẹ láìsè, á sì kọjú sí fèrèsé tó wà lápá odò.

Ọdẹ́yẹmí lọ bá Bàbá Ọbalọlá, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọdẹ.

"Nígbà tí o na ìbọn sí i, ṣé ó sá?"

"Kò sá, Bàbá."

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Èyí tó bá sá, ìwọ lo bá a pàdé. Èyí tí kò sá, ó wá ọ wá ni. Òun náà ní ohun tó fẹ́ tọrọ. Fi ìbọn yẹn sílẹ̀ lára ògiri, ọmọ mi. Kó o ní sùúrù."

Ta ló fẹ́ ní sùúrù kí ìyàwó rẹ̀ kú mọ́ oyún? Ọdẹ́yẹmí rò ó títí: òun lòun tọrọ, Chukwuma ò tọrọ nǹkan kan, Chukwuma kì í sì í ṣe ọmọ ìdílé. Ó gbé ìbọn fún un.

"Pa ọ̀kan wá. Ká wo ohun tó dì wọ́n mú."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

"Má bi mí."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Chukwuma gbé ẹran náà dé ẹ̀yìnkùlé. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó ní ẹran náà kò sá. Ṣe ló ń sún mọ́ òun. Wọ́n la ikùn rẹ̀. Ilé ọmọ wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ó ṣì móoru, okùn ìwọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ kò sí. Kò sì sí ojú ibi tó gbà jáde.

Ìgbà náà ni Láídé ké nínú yàrá.

Wọ́n sáré pe Bernice. Wọ́n dúró síta, wọ́n ń retí ẹkún ọmọ. Wọn ò gbọ́. Bernice jáde, ó ń nu ọwọ́ tó ti mọ́.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọkùnrin ni. Ó wà láàyè."

"Ìyá ńkọ́?"

Bernice wolẹ̀. "Ẹ lọ wò ó, sà."

Láídé ti sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn. Ó fi ọwọ́ àti orúnkún dúró ní igun yàrá, ó ń fi ahọ́n lá orí ọmọ náà, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Ọmọ ènìyàn ni, pátápátá, ó rẹwà. Imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá.

"Láídé. Ìyàwó mi."

Ó gbé orí sókè. Ó mọ̀ ọ́n, bí ẹran ṣe ń mọ ọdẹ. Gbogbo ara rẹ̀ le, imú rẹ̀ ń gbọ̀n. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ọdẹ́yẹmí kò mira. Ọmọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá nìyẹn, bó bá na ọwọ́, á kàn án. Ó rọra wo aṣọ fèrèsé, kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, ní jẹ́jẹ́, kí òórùn òun má baà dé ọ̀dọ̀ wọn.