Ìyàwó Tó Ń Wa Katapílà

Bàtà tó ń dán bí dígí ni ọkùnrin náà wọ̀ gun òkè ìdọ̀tí lọ́jọ́ náà. Ohun tí Kátà kọ́kọ́ rí nìyẹn láti orí àga katapílà rẹ̀, ẹnu sì yà á. Ta ló ń ṣe fáàrí wá sí àkìtàn?

Àkìtàn yẹn kì í ṣe kékeré. Gbogbo ohun tí ìlú ńlá náà bá jẹ kù, tó bá fọ́, tó bá gbó, ibẹ̀ ló ń bọ̀. Láti òwúrọ̀ kùtù ni ọkọ̀ akólẹ̀ á ti tò láti ẹnu géètì dé títì. Bí wọ́n bá ti da ẹrù wọn sílẹ̀, Kátà á fi katapílà tì í, á tẹ́ ẹ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òkè náà á sì ga sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, òun nìkan sì ni obìnrin tó ń wa ẹ̀rọ níbẹ̀. Katapílà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, wọ́n gé e kúrú, ó di Kátà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọrí síta.

"Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn rọ̀ o! Bí ẹ bá tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, fìlà yín nìkan la máa rí."

Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Òógùn ti bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo ń wá nǹkan ni."

"Kí lẹ̀ ń wá?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Eyín."

"Eyín ta ni?"

"Eyín ìyá mi."

Àwọn tó ń ṣa ike àti irin nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n Kátà kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí i pé ọkùnrin náà fẹ́ sunkún. Eyín àtọwọ́dá ni. Ìyá rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó wé e sínú ìwé, òun tó sì fẹ́ bá ìyá palẹ̀ mọ́ ló kó o dà sínú gorodóòmù ìdọ̀tí. Láti àárọ̀, ìyá kò jáde nínú yàrá, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹnu òun.

"Àdúgbò wo ni?" Ọkùnrin náà sọ ọ́ fún un. Kátà mi orí. "Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Aago mẹ́sàn-án kọjá ló wọlé. Orí yín bá yín ṣe é, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́."

Ó rọra sọ ọwọ́ irin katapílà kalẹ̀, ó tẹ́ òkìtì náà pẹlẹbẹ bí ẹni ń sá aṣọ. Ó wá bọ́ sílẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Odindi wákàtí méjì ni wọ́n fi tú u. Kátà ló rí i. Ó gbé e sókè, eyín mẹ́fà funfun báláú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí oòrùn.

"Kí ni mo lè ṣe fún yín?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Ẹ lọ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, bàtà òjò ló wọ̀.

"Eyín ta ló tún sọnù?" Kátà bèèrè.

"Kò sí. Aago ọwọ́ yín ni. Mo rí i lọ́jọ́sí pé ó ti kú."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, aago ló ń tún ṣe, Aláago sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó jókòó sórí táyà kan, ó tú aago náà palẹ̀. Kátà dúró tì í, ó ń wo bí ìka rẹ̀ ṣe ń mú ìdè tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Òun tó ń ti òkè láti àárọ̀ di alẹ́, kò rí ọwọ́ tó rọra tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára níbẹ̀, kò sì bá ara rẹ̀ jiyàn.

Fún oṣù mẹ́jọ, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Aláago ń wá ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán. Wọ́n á jọ jẹun nínú katapílà, wọ́n á ti fèrèsé nítorí eṣinṣin.

"Ìfẹ́ mi, iṣẹ́ yìí kì í sú ọ?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó máa ń rẹ̀ mí, kì í sú mi. Ṣé o rí ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, bó ṣe dà bí àtẹ̀gùn? Èmi ni mo gé e bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òjò rọ̀, ẹ̀gbẹ́ náà ya lulẹ̀, ó bo ènìyàn méjì. Èmi ni mo wú wọn jáde. Wọn ò mí mọ́. Láti ìgbà náà, òjò ti rọ̀ rọ̀ rọ̀, kò tún ya mọ́. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún?"

Aláago di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Akọni mi," ó wí. "Mo fẹ́ kí ìyá mi rí ọ."

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Kátà wẹ̀. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ irun.

Ilé ìyá Aláago mọ́ tónítóní. Aṣọ funfun wà lórí gbogbo àga, kò sì sí ẹni tó láyà láti jókòó gbẹdẹmukẹ. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n bàbá Aláago ló gbà wọ́n lálejò. Kátà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ara ìyá yá mọ́ ọn, wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ẹ̀gbọ́n bàbá wí, "iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Kí Kátà tó la ẹnu, Aláago ti gbà á sọ. "Ọ́fíìsì ìjọba ló wà, bàbá. Ìwé ìmọ́tótó ìlú ló wà níkàáwọ́ rẹ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ìyàwó ọ́fíìsì!"

Kátà wo Aláago. Aláago ń wo inú ife omi. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Inú Kátà gbóná, ó sì dùn ún wọ egungun.

"Bàbá," ó wí, "kì í ṣe ọ́fíìsì. Katapílà ni mo ń wà ní àkìtàn."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí mọ àwàdà o."

"Kì í ṣe àwàdà, Mà. Ọdún mọ́kànlá rèé."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá. Ó fa ìnujú yọ, ó fi bo imú. "Abájọ! Láti ìgbà tó ti wọlé ni nǹkan ti ń rùn sí mi!"

Irọ́ ni, ọṣẹ ló ń ta sánsán.

"Ẹ gbọ́ o," ìyá ń bá a lọ, "ohun tó bá ti dé àkìtàn kò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Ohun tí wọ́n bá ti dà nù, ó ti bọ́ nìyẹn!"

Kátà gbé àwo kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, Mà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yáa yọ eyín ẹnu yín."

"Kí lo sọ?"

"Eyín yín, Mà. Ọwọ́ mi yìí ló wá a jáde ní àkìtàn, lábẹ́ èèpo ọsàn àti aṣọ ìnulẹ̀."

Ìyá yí sí ọmọ rẹ̀. "Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo ní o ti rí i! Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Aláago kò lè gbórí sókè. Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo èjìká rẹ̀ á mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Kátà gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Aláago sáré bá a ní títì.

"Dákun, olólùfẹ́ mi, dúró. Nítorí kí wọ́n lè gbà ọ́ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ni wọ́n fẹ́ gbà? Obìnrin ọ́fíìsì yẹn? Èmi ò mọ̀ ọ́n. Lọ wá a, kí o fẹ́ ẹ." Omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò jẹ́ kó já bọ́. "Mo ti gbé láàárín òórùn ọdún mọ́kànlá, kò pa mí. Ìtìjú tìrẹ, ìṣẹ́jú kan ló fẹ́ fi pa mí. Má wá bá mi mọ́."

Oṣù kan gbáko ni kò fi gbé ìpè rẹ̀. Ó ń wa katapílà bí ẹni ń bá òkè náà jà. Bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ akólẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ṣì fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, bàbá. Inú sì ń bí mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ó dáa. Má pè é padà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ó mọ ọ̀nà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí Kátà ti ń wọ géètì, ó rí tábìlì kan létí ọ̀nà. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára pákó pé: A Ń TÚN AAGO ÀTI RÉDÍÒ ṢE NÍBÍ. Aláago ló jókòó sẹ́yìn tábìlì náà. Kò pè é, ó kàn kí i pé, "Ẹ káàárọ̀." Kátà wọ géètì lọ.

Àwọn tó ń ṣa irin ló sọ ìyókù fún un. Aláago ti pe gbogbo ẹbí jọ, ó ti tú irọ́ méjèèjì palẹ̀. Ìyá ní kó yan ọ̀kan, òun tàbí obìnrin àkìtàn. Ó ní bó bá jẹ́ obìnrin náà ló yàn, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ni ín. Aláago gbé kọ́kọ́rọ́ sórí àga funfun, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì jáde.

Síbẹ̀, Kátà kò yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Oòrùn pa Aláago. Eṣinṣin bò ó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ń kọjá nínú mọ́tò, wọ́n ń gbé dígí sókè. Òjò àkọ́rọ̀ gbé pákó rẹ̀ lọ, ó lọ kọ òmíràn. Àwọn awakọ̀ akólẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò tó bà jẹ́ wá fún un, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tó wá fẹ́ àkìtàn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, Kátà pa ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sán gangan, ó rìn sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí tábìlì.

"Kí lò ń wá ní ẹnu géètì mi?"

"Géètì ìjọba ni," Aláago wí jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

"Ṣé o rò pé bí o bá rùn bí èmi, mo máa dárí jì ọ́?"

Ó gbé irinṣẹ́ kalẹ̀. "Rárá. Mi ò tijú rẹ rí, Kátà, ìyá mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ojo ni mí."

"Ìwà ojo burú ju òórùn lọ."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mo gbé wá dà nù. Ṣebí àkìtàn nìyí?"

Kátà kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò gbé e mì. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Mi ò ní fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o."

"Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀?"

"Mi ò sì ní lọ bẹ ẹnikẹ́ni nínú ilé yín."

"Èmi ni mo ṣẹ̀, èmi ni mo máa bẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Foríjì mí, ayànfẹ́ mi."

Kátà na ọwọ́ sí i.

Ìyá ránṣẹ́ pé òun kò ní wá síbi ìgbéyàwó, kò sì wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá nìkan ló wá láti ìdílé ọkọ, ó ní òun kò lè pàdánù rẹ̀ láéláé. Ní kọ́ọ̀tù, akọ̀wé tẹ́ ìwé ńlá sílẹ̀.

"Iṣẹ́ ìyàwó?"

"Awakọ̀ katapílà ni, ní àkìtàn ìlú," Aláago dáhùn, ohùn rẹ̀ sì kan òrùlé.

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ṣé kí n kúkú kọ òṣìṣẹ́ ìjọba? Ìyẹn dára létí."

"Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́, alàgbà. Àkìtàn ní álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, ẹ má fo ọ̀kankan."

Nígbà tí wọ́n jáde, ọkọ̀ akólẹ̀ mẹ́wàá ti tò sí títì, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́ kanlẹ̀. Bàbá Kátà wà nínú èyí tó ṣíwájú, ó ti gba ìdarí ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti lé e sọ̀ kalẹ̀. Tọkọtaya náà gòkè jókòó tì í.

"Ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú ni a máa ń gbà," bàbá wí.

"Kì í ṣe lónìí, bàbá," Kátà wí. "Ẹ gba àárín ìlú."

Wọ́n gba àárín ìlú. Àwọn kan di imú, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, Kátà sì ń juwọ́ sí gbogbo wọn bákan náà. Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò ìyá Aláago, wọ́n rí obìnrin náà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó dúró lẹ́nu fèrèsé. Kò juwọ́. Kò sì ti fèrèsé.

Aláago di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ṣé kí a rọra kọjá?" bàbá bèèrè.

Aláago wo ìyá rẹ̀ títí, ó wá wo Kátà.

"Rárá, bàbá," ó wí. "Ẹ fọn fèrè ọkọ̀."