Láàbù Tó Ń Ta Sánsán

Ọkùnrin kan gbowó lọ́wọ́ àwọn obìnrin àdúgbò pé òun ń yẹ ẹnu ilé-ọmọ wọn wò bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, kò sì wo ti ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Dókítà ni wọ́n ń pè é. Aṣọ funfun rẹ̀ le gbagidi, lọ́fínńdà rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Onídìrí ló kọ́kọ́ yìn ín fún Aránṣọ. "Láàbù yẹn tura ju ilé mi lọ. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ gbèsì nírọ̀lẹ́. Èmi ti ṣe tèmi tipẹ́, ó ní mo mọ́ tónítóní."

Àbúrò Aránṣọ ló nílò àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nígbà tí kò yẹ, ẹ̀rù sì bà á débi pé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ àìsàn náà sétí. Aránṣọ ní kó fara balẹ̀, òun á kọ́kọ́ wo láàbù méjèèjì tó wà nítòsí.

Ojú aṣọ kì í tan obìnrin yìí jẹ. Inú ló máa ń yí síta kó tó sọ pé wọ́n rán an dáadáa. Bó ṣe ṣe àwọn láàbù náà nìyẹn: ó gba ẹ̀yìn. Ti ìjọba, ọ̀dà ti ṣí lára ògiri, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń jágbe mọ́ èèyàn bí ìyá ọkọ, èsì wọn sì máa ń pẹ́. Àmọ́ láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ó rí àwọn tó tẹrí ba sórí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ti Dókítà, àga rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo: bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n, àti ṣòkòtò tí wọ́n sá.

"Ẹ̀yin náà ti pọ̀ jù," àbúrò rẹ̀ wí. "Ṣé ṣòkòtò rẹ̀ ló fẹ́ fi yẹ̀ mí wò ni?"

"Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an nìyẹn. Mi ò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀."

Aránṣọ lọ ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Dókítà na igi tín-ínrín olówùú sí i, ó ní kó lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, kó fi gbà á lára ara rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá mi, tiyín dára bíi ti wúńdíá."

Aránṣọ dúpẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ.

Sájẹ́ǹtì obìnrin ló bá a padà wá.

"O wo ti màmá yìí dáadáa?"

"Fínnífínní."

"Kí lo rí?"

"Ẹnu ilé-ọmọ tí kò ní àbàwọ́n."

Aránṣọ sún mọ́ ọn. "Ìgbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi ni wọ́n ti yọ ilé-ọmọ mi, tẹnu tìdí. Jọ̀ọ́, júwe ibi tó o ti rí i. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá a."

Dókítà ní òun fẹ́ mú nǹkan nínú yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gba ojú fèrèsé fò síta. Wọ́n lé e títí dé ọjà, wọn ò rí i mọ́. Sájẹ́ǹtì ti fẹ́ máa padà kó tó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù Onídìrí. Oníbàárà kan jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, tówẹ́ẹ̀lì bò ó lójú. Bàtà ọkùnrin ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá oníirun, ẹ dìde."

Ibẹ̀ náà ni Dókítà ti jẹ́wọ́.

"Níbo lò ń kó ohun tó o gbà lára wọn sí?"

"Inú ṣalángá."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Níbo ló ti ṣe tiẹ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ti ìjọba."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Onídìrí.

Gbogbo obìnrin àdúgbò tú lọ sí láàbù tí ọ̀dà ti ṣí. Nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn mọ́ wọn. Jẹjẹrẹ ti àbúrò Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ jó o kúrò, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé, ó ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà. Ti Onídìrí ti ń dàgbà láti ìgbà tí wọ́n ti ní ó mọ́ tónítóní. Wọ́n yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Kò tíì bímọ kankan.