Ọṣẹ Tí Hafeezah Fi Pamọ́

"Dádì, mi ò gbà!"

Adéníkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ sójú bàbá tó bí i, nídìí oúnjẹ, lọ́jọ́ tí a lọ kí wọn nílé. Mo yára di àwo ọbẹ̀ iwájú mi mú, torí mo mọ ohun tó ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ yẹn nílé tiwa: ṣíbí á fò. Ṣùgbọ́n Abọ́dúndé, ọmọ àbúrò mi, kò ju nǹkan kan. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Kí ló dé tí o ò gbà? Ṣàlàyé fún mi."

Háà! Kí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀! Ó sì ṣàlàyé o. Ó ń nawọ́ síwájú, ó ń nawọ́ sẹ́yìn bíi lọ́yà, bàbá rẹ̀ ń mi orí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju pé ó fẹ́ máa kọ́ dùùrù lọ́jọ́ Sátidé, kó sì fi ìlúwẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ mìíràn.

Mo wo Hafeezah, ọmọ ọmọ tèmi, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Hafeezah dorí kodò, ó ń jẹun jẹ́jẹ́ bí ológbò tó wà nílé onílé. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, wolẹ̀. Bí wọn kò bá bi ọ́, dákẹ́. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń bi mí pé, ta ló wá mọ ọmọ tọ́ nínú èmi àti Abọ́dúndé? Mi ò mọ̀. Títí trotro, ọkọ̀ èrò àwọn ará Gánà, fi gbé wa padà dé Lagos Town, àdúgbò wa ní Accra, mi ò mọ̀.

Ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ wa. *Alata samina* làwọn ará Gánà ń pè é, ọṣẹ àwọn Alata, ìyẹn àwa Yorùbá. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fi wá sọ ọṣẹ lórúkọ! Ìyá Hafeezah ń ta iṣu ní ọjà Agbogbloshie láti ìdájí, nítorí náà ìdí ìkòkò mi lọmọ náà dàgbà sí. A kò lo aago níbẹ̀. Orin ni aago wa. Bí a bá ti da àdín pọ̀ mọ́ omi eérú, a ó máa rò ó, a ó máa kọ ọ́ pé:

*Rò ó, má dúró, ọmọ Àkànkẹ́,*
*Eérú ò molówó, eérú ò mọ tálákà,*
*Ẹni bá rò ó ló ń dì fún.*

Bí a bá kọ ọ́ tó ogójì ìgbà, a ó dín iná kù.

Ilé ìwé ńlá kan wà lọ́nà òkè Madina, ní Accra níhìn-ín, tó jẹ́ pé ọmọ àwọn olówó ló kún ibẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń mú ọmọ kan ṣoṣo láti ilé tálákà, kó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ dópin. Hafeezah ṣe ìdánwò wọn, ó yege. Ó wá ku kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Apòògùn lọmọ náà fẹ́ dà. Bí kò bá sì rí ibẹ̀ wọ̀, ilé ìwé ìtòsí wa ni yóò lọ, níbi tí ogójì ọmọ ti ń yọjú wo igo sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo.

Adéníkẹ́ wá kọ́ ọ ní bí yóò ṣe dáhùn. Inú rere ló fi wá o.

"Chalé, ọ̀rẹ́ mi, gbórí sókè! Bí o bá ń wolẹ̀ báyìí, wọ́n á rò pé o jí nǹkan."

"Ṣé ojú àgbà ni kí n wá tẹjú mọ́?"

"Tẹjú mọ́ ọn! Wọ́n á bi ẹ́ pé, kí lo máa ń ṣe bí o ò bá kàwé?"

"Ọṣẹ ni mo máa ń rò."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí mo fi dìde lọ pọn omi. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni Hafeezah tó sọ ìyókù fún mi. Adéníkẹ́ ní, "Má dárúkọ ọṣẹ níbẹ̀. Wọ́n á fojú ọmọ ọ̀dọ̀ wò ẹ́. Sọ pé o ń tẹ dùùrù, o sì ń lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló ń ṣe é." Hafeezah rò ó títí. Ó gbà.

Lọ́jọ́ náà, mo wọ aṣọ tí mo fi ń kírun ọdún, mo kọrin nínú trotro dé Madina, àwọn èrò ń bá mi pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ méjì ló dúró dè wá, ọkùnrin onígíláàsì kan àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madam Afua. Bí a ti wọlé, eékún Hafeezah fẹ́ kúnlẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, ni ó bá rántí ẹ̀kọ́ Adéníkẹ́. Kò kúnlẹ̀, kò dúró. Ó lóṣòó sí agbedeméjì bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Èmi ò gbọ́. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọmọ mi ranjú mọ́ wọn bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo gbọ́ "piano", ìyẹn dùùrù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a káàkiri yàrá.

Ni Madam Afua bá yíjú sí mi, ó fi Twi, èdè Gánà tí mo gbọ́, bá mi sọ ọ́. "Nana, màmá àgbà, Hafeezah ní ẹ̀yin lẹ máa ń mú òun lọ lúwẹ̀ẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ibo lẹ máa ń lọ?"

Inú mi mà dùn o, pé ọ̀rọ̀ kàn mí! Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìlúwẹ̀ẹ́ kẹ̀? Madam, omi eérú ni omi tí ọmọ yìí mọ̀! Ọṣẹ là ń rò ní Sátidé. Ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ nínú ìyẹn, egungun rẹ̀ ni wọn ó kó jáde!"

Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Hafeezah ti kúnlẹ̀ tán pátápátá.

Ọkùnrin náà bọ́ sí Twi, ó bi í pé kí ló dé tó fi purọ́. Ọmọ náà ní, "Mo rò pé ẹ ò ní mú ọmọ ọlọ́ṣẹ, sà."

Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n Madam Afua tún bi í ní Twi, "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé omi eérú náà ti le tó?"

Hafeezah gbórí sókè. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó gbé e. "Ẹyin là ń jù sí i, Madam. Bó bá rì, kò tíì le. Bó bá léfòó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ níwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, ó tó. Bó bá yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń bu omi sí i, torí yóò jó awọ."

"Ta ló kọ́ ẹ pé kí o bu omi sí i?"

"Èmi ni mo dán an wò, nígbà tí ọwọ́ Màmá àgbà bó."

Ẹnu mi là sílẹ̀. Ọdún méjì ni ọwọ́ mi ti sàn, tí àwọn oníbàárà ń sọ pé ọṣẹ mi tutù lára. Mo ti rò pé àdúrà mi ló gbà!

"Hafeezah, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Adéníkẹ́ ló kà á fún wa. Yusif, ọmọ ẹni tó ń ṣa irin ní Agbogbloshie, ni wọ́n mú. Madam Afua fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Hafeezah, ká ní ọṣẹ lo fi bẹ̀rẹ̀, ìwọ là bá mú."

Adéníkẹ́ sunkún ju ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lọ. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo rò pé bí tèmi ṣe rí ló yẹ kí ti gbogbo ayé rí."

Hafeezah ní, "Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi là á."

Ó wà ní ilé ìwé ìtòsí báyìí, ó ń yọjú wo igo kan ṣoṣo náà pẹ̀lú àwọn ogójì. Ó ń dùn mí. Bí mo bá jí, mo máa ń rò ó pé, ṣé irọ́ tó pa ló fà á ni, àbí èmi tí mo ti ẹnu rẹ̀ pa, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tó máa là á, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló bọ́ jáde? Owó Abọ́dúndé fún ọmọ rẹ̀ ní ẹnu. Iṣẹ́ wa fún tèmi ní ọwọ́. Ta ni yóò fún ọmọ ní méjèèjì? Orí mi ṣì ń dàrú sí i.

Ṣùgbọ́n mo ti ń bi í léèrè. "Hafeezah, kí lo rí sí èyí?" Yéè! Ọmọ náà ń dá mi lóhùn débi pé ọṣẹ jóná mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Adéníkẹ́ náà ti ń wá bá wa ro ọṣẹ ní Sátidé, bó bá ti kúrò nídìí dùùrù. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ohun ẹni ní í bá ni mu. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ilé yín pamọ́ nítorí pé ilé ẹlòmíràn ń dán. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ kọ́ ọmọ kó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, torí ohun tó wà níkùn ọmọ tí a kò bi léèrè lè jẹ́ ohun tí yóò wo ọwọ́ yín sàn.

Ó tó gẹ́ẹ́, omi eérú ti ń hó. *Eérú ò molówó, eérú ò mọ tálákà…* Hafeezah, ìgbà mélòó la ti kọ ọ́ báyìí?

"Màmá, ó ku mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi yẹ ká dín iná kù nísinsìnyí."

Sọ ọ́, ọmọ mi. Mò ń gbọ́.